William Turner: Ojú Tó Rí Ewé, Ẹnu Tí Kò Dákẹ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Sátidé tí ẹ wá jókòó tì wá, mo kí yín o. Ẹ kú òtútù, ẹ kú wàhálà ọkọ̀ ojú irin, ẹ kú ìjókòó. Mo rí àwọn ìyá wa tó ń ta ewé àti egbò nínú ọjà Lọ́ńdọ̀nù yìí. Mo rí àwọn nọ́ọ̀sì wa. Mo rí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn. Gbogbo yín pátá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà kí n tó la ẹnu mi. Níbi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe.

Nígbà tí àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ewé, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á rò pé ọ̀dọ̀ Ọ̀sanyìn ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ilẹ̀ tí a jókòó lé lórí yìí ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. William Turner lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe Turner ayàwòrán tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ o, èyí ti kú ó ti lé ní igba ọdún kí wọ́n tó bí ayàwòrán yẹn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe eléyìí ní baba ìmọ̀ ewéko ilẹ̀ wọn.

Ohun méjì ló jẹ́ kí n yàn án: ojú rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í fẹ́ gba ohun tí kò bá rí. Ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ lórí ohun tó bá rí. Ojú yẹn ló jẹ́ kí ìwé rẹ̀ níye lórí. Ẹnu yẹn ló lé e kúrò nílùú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan tó ń kọ ìtàn rẹ̀ máa ń fẹ́ pín in sí méjì: wọ́n á ní onímọ̀ ewé rere ni, ṣùgbọ́n ó lẹ́nu burúkú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Morpeth ni wọ́n bí i sí, ní Northumberland, lókè réré ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí èèyàn ti fẹ́ẹ̀ dé Scotland tán. Ní nǹkan bí ọdún 1508 ni. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Olówó kan, Lord Wentworth, ló gbọ́ bùkátà rẹ̀ tó fi dé Cambridge, ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Pembroke Hall. Níbẹ̀ ló ti bá Nicholas Ridley pàdé. Ridley ló kọ́ ọ ní èdè Gíríìkì. Ridley náà ni wọ́n jọ ń ta ọfà, tí wọ́n jọ ń gbá tẹ́nìsì. Ẹ fi orúkọ Ridley sọ́kàn, a óò tún kàn án níwájú.

Kí ni ọmọ Morpeth yìí ń wá kiri ní Cambridge? Orúkọ ewé ni. Ó béèrè, béèrè, béèrè. Ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò rí ẹyọ ẹnì kan, àní láàrin àwọn dókítà, tó lè sọ orúkọ ewé kan tàbí igi kan fún òun, yálà ní Gíríìkì, ní Látìn tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ewé kan ṣoṣo ló wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ó sì ní àṣìkọ àti orúkọ èké ló kún inú rẹ̀.

Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ewé ni dókítà ń fi wo aláìsàn, dókítà ò sì mọ ewé!

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́? Bó ṣe ń lọ nìyí. Dókítà jókòó sílé, ó ka Látìn, ó kọ orúkọ ewé sórí tákàdá. Tákàdá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń po oògùn tà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Látìn tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í wọ igbó. Àwọn náà ránṣẹ́ sí àwọn ìyá arúgbó tó ń já ewé. Ìyá arúgbó mọ ewé, ṣùgbọ́n orúkọ tí òun mọ̀ ọ́n sí kọ́ ló wà lórí tákàdá. Ohun tó bá sì já wá ni wọ́n ń sè. Aláìsàn á mu ún. Tó bá kú ńkọ́? Wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Àwọn bàbá wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn, ọwọ́ kan wà lórí pẹpẹ, ọwọ́ kan wà nínú kèrègbè, ṣùgbọ́n wọn ò jọ gbọ́ èdè ara wọn. Turner rí i. Ní 1538, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní Látìn, ó to orúkọ àwọn ewé síbẹ̀, ó sì fi ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n sí i. Ìwé kékeré ni. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ojú rẹ̀.

Turner kì í ṣe onímọ̀ ewé nìkan. Oníwàásù ni pẹ̀lú, ara àwọn tó fẹ́ tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe láyé Ọba Henry Kẹjọ. Ó ń wàásù láìgba ìwé àṣẹ, wọ́n bá tì í mọ́lé. Nígbà tó jáde, ní nǹkan bí ọdún 1540, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sọdá omi. Ẹ mọ òwe àwọn Ẹ̀gbá: àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ọba rò pé òun lé e lọ ni. Ohun tí Turner ń wá kò sí nílé tẹ́lẹ̀! Họ́láńdì, Jámánì, Switzerland, Ítálì, ó rìn ín já. Ní Bologna, ó jókòó lẹ́sẹ̀ Luca Ghini. Ghini yìí ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ ń fi ewé sáàárín tákàdá, tó ń tẹ̀ ẹ́ títí á fi gbẹ, tó wá ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, kí ẹni tí kò dé oko lè rí ohun tí wọ́n ń wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń tọ́jú ewé ní Kew, ọgbà ewéko ńlá Lọ́ńdọ̀nù yìí, títí dòní. Turner gba oyè dókítà ní Ítálì. Ó dé Zurich, ó di ọ̀rẹ́ Conrad Gessner, ọ̀mọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Yúróòpù. Lẹ́yìn náà ó ṣe dókítà fún ìjòyè kan ní Emden, létí òkun Jámánì.

Ní Cologne, ní 1544, ó tẹ ìwé kan jáde nípa ẹyẹ. Mo dárúkọ àwòdì lẹ́ẹ̀kan, àbí? Ṣé ẹ mọ̀ pé àwòdì ń fò káàkiri àwọn ìlú ilẹ̀ yìí nígbà kan? Turner kọ ọ́ pé wọ́n gbójú débi pé wọ́n ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ ọmọdé. Kò sí nínú ìwé àwọn ará Róòmù, kò sí nínú ti Gíríìkì. Ó rí i ni, ó sì kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti egbò kan fún yín. Láyé ìgbà yẹn, àwọn kan ń ta egbò tó rí bí ọmọ èèyàn. Wọ́n á fi sínú àpótí kékeré, ó ní ọwọ́, ó lẹ́sẹ̀, ó nírun lórí. Wọ́n ní mandrake ni, èyí tí Rákélì tìtorí rẹ̀ dúnàá-dúrà pẹ̀lú Léà nínú Jẹ́nẹ́sísì. Wọ́n ní bí èèyàn bá fà á tu, á pariwo, ẹni tó fà á á sì kú. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe sí owó ọjà. Ta ló fẹ́ wádìí? Turner wádìí. Ó ní lọ́pọ̀ ìgbà ni òun ti fọwọ́ ara òun hú mandrake nínú ilẹ̀, òun ò sì rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí. Ó ní àwọn gbájú-ẹ̀ ló ń gbẹ́ egbò bí ẹni gbẹ́ ère, kí wọ́n lè fi gba owó lọ́wọ́ àwọn aláìmọ̀kan. (Àwùjọ pàtẹ́wọ́.) Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń ta egbò bẹ́ẹ̀ ṣì wà, orí fóònù ni wọ́n kó lọ.

Ẹ̀kan tún wà tó jẹ́ pé ara òun fúnra rẹ̀ ló fi dán an wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ọ́mọ̀. Eyín ń dùn ún. Ó po opium, oògùn líle kan tó ń pa ìrora, díẹ̀ mọ́ omi, ó fi ń fọ eyín náà. Díẹ̀ yọ́ wọ ọ̀fun rẹ̀. Kò tó wákàtí kan, ọwọ́ rẹ̀ wú ní ọrùn ọwọ́, ó ń yún un, èémí rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀ má lè jáde mọ́. Ó sáré wá egbò kan, ó fi wáìnì gbé e mì. Ó ní àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ìbá ti kú. Kí ló wá ṣe? Ṣé ó dákẹ́ kí wọ́n má baà sọ pé dókítà ń fún ara rẹ̀ ní májèlé? Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, bí ó ti wú, ibi tó ti wú, ohun tó mu, kí ẹlòmíràn lè ṣọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn, irú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀ ń kọ nígbà tí oògùn bá bá aláìsàn jà nìyẹn o, ó ti lé ní irinwó ọdún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé kì í ṣì í. Ẹyẹ kan wà tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, tó máa ń wá sí etíkun ilẹ̀ yìí nígbà òtútù, tí ẹnikẹ́ni ò rí ẹyin rẹ̀ rí, nítorí pé àríwá jíjìn ló ń yé e sí. Àwọn èèyàn ní lára pákó ọkọ̀ tó ti jẹrà nínú òkun ló ti ń hù, láti ara ẹ̀dá kékeré oníkarawun kan. Turner kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Ó wá lọ bi àlùfáà Áílándì kan tó ń jẹ́ Octavian. Àlùfáà fi ìwé Ìhìnrere búra pé òun rí i, òun sì fọwọ́ bà á. Ni Turner bá gbà, ó sì kọ ọ́. Irọ́ gbáà ni! Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ibi tó ti fi ìbúra àlùfáà rọ́pò ojú ara rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé ó dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún un. Ẹni tó bá kà á mọ̀ pé gbígbọ́ ló gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ jù lọ. Ìwé rẹ̀ ni.

Nígbà tí Henry kú ní 1547, tí ọmọ rẹ̀ Edward jọba, Turner padà wálé. Ó di dókítà Duke ti Somerset, ẹni tó ń bá ọba ọmọdé náà darí ìlú. Ààfin Duke wà ní Syon, létí odò Thames. Ní òdìkejì odò, ní Kew, Turner ní ọgbà ewé tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnì kan má baà lọ máa pariwo rẹ̀ kiri: ọgbà rẹ̀ kọ́ ni ọgbà Kew tí ẹ ń sanwó wọ̀ lónìí. Ọgbà yẹn dé ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúgbò kan náà ni.

Ní 1548, ó tẹ ìwé orúkọ ewé jáde: orúkọ ní Gíríìkì, ní Látìn, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, ní Faransé, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn aléwé àti àwọn tó ń po oògùn ń pè é lẹ́nu ọjà. Ẹ rí i bí ó ṣe ń so tákàdá dókítà pọ̀ mọ́ ẹnu ìyá arúgbó? Ní 1551, apá kìn-ín-ní ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ọ́. Wàhálà dé.

Kí ni wọ́n bá a wí fún? Wọ́n ní tó bá kọ ọ̀rọ̀ oògùn ní èdè tí gbogbo ayé gbọ́, gbogbo ìyá arúgbó á di dókítà. Wọ́n ní èèyàn á máa kú. Ìmọ̀ ni wọ́n ní kí ó wà ní Látìn, kó lè wà lọ́wọ́ àwọn tó tọ́ sí.

Ẹ wo bí ọkùnrin náà ṣe fèsì nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀. Ìbéèrè ló fi dá wọn lóhùn. Ó ní: àwọn tó ń po oògùn àti àwọn tó ń fi abẹ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mélòó nínú wọn ló lè ka Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù àtijọ́, ní Látìn? Mélòó ló lè ka Galen àti Dioscorides, àwọn dókítà àtijọ́ tó kọ̀wé oògùn, ní Gíríìkì? Tí wọn ò bá lè kà á, ṣé kì í ṣe ìyá arúgbó yẹn náà ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé nísinsìnyí, nínú òkùnkùn, tí ẹ ní kí ó má di dókítà? Àwọn tí ẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọ́n á kú, ṣé wọn ò tíì máa kú ni?

Ó tún wá bi wọ́n ní ọ̀kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ràn eléyìí dé ọkàn. Ó ní: èdè wo ni Dioscorides fi kọ ìwé tirẹ̀? Gíríìkì. Èdè wo ni Galen fi kọ tirẹ̀? Gíríìkì. Ta ló ń sọ Gíríìkì nílùú wọn? Gbogbo èèyàn! Alágbẹ̀dẹ ń sọ ọ́, ìyá arúgbó ń sọ ọ́. Èdè ìyá wọn ni wọ́n fi kọ ọ́ fún àwọn ará ilé wọn. Ṣé wọ́n wá sọ gbogbo ìyá arúgbó ilẹ̀ Gíríìkì di dókítà? Tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ni èmi tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé fún Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá dẹ́ṣẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n tún un wí. Ìwé tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn mẹ̀kúnnù, ìwé mẹ̀kúnnù ni níbi tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ọkàn mi máa ń lọ síbí yìí nígbà tí ọmọ wa bá sọ fún mi pé a ò lè fi Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èdè tó ń bọ̀wọ̀ fún lónìí, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ ní 1551 nìyẹn. Àmọ́ mi ò fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà.

Kí ló wà nínú ìwé náà? Ewé ni, ewé lẹ́yìn ewé, tòun ti àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára pákó. Púpọ̀ nínú àwòrán yẹn, ti Leonhart Fuchs ará Jámánì ni. Turner kò ní owó àwòrán tirẹ̀. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni ibi tí ewé wà. Kò ní sọ fún ọ pé ó wà nínú igbó, á sọ igbó tó wà. Ó kọ nípa ewé kan tó ń jẹ́ herb Paris pé ó pọ̀ ní igbó Cottingwood nítòsí Morpeth. Igbó tó ṣeré nínú rẹ̀ ní kékeré ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbọ́ tiyín. Ó kọ nípa chamomile, èyí tí ẹ ń rà nínú páálí láti fi ṣe tíì, pé ó ń hù nínú pápá Richmond, ó ń hù ní Brentford, ó sì pọ̀ jù lọ ní Hounslow Heath. Hounslow yín yìí! Ibi tí bàálù ti ń balẹ̀ ní Heathrow lónìí, kò jìnnà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ já chamomile. Ẹni tó bá ka ìwé náà nígbà yẹn tí kò gbà á gbọ́, kó wọ bàtà kó lọ wò ó. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ga ju ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ: ó fún èèyàn láyè láti já a nírọ́.

Ẹnu rẹ̀ náà wà níbẹ̀ o, kì í fi í sílẹ̀ sílé. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Tó bá dé orí òdòdó marigold, á ní àwọn kan ń fi í pa irun wọn láró kó lè pọ́n bí wúrà, wọn ò jẹ́ kí àwọ̀ tí Ọlọ́run fún wọn tó wọn. Tó bá dé orí òdòdó cowslip, á ní àwọn obìnrin kan ń fi omi rẹ̀ bọ́jú kí ojú wọn má baà hun jọ, ojú ayé ni wọ́n ń ṣe é fún, kì í ṣe ojú Ọlọ́run. (Àwùjọ rẹ́rìn-ín.) Ìwé oògùn ni o, ó ń wàásù nínú rẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ó ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó tó bú wọn. Ó dá mi lójú pé àwọn tó kà á nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é pọ̀ ju àwọn tó kà á nítorí èébú lọ.

Ẹnu wá kù. Ní 1546, Henry ti fòfin de ìwé rẹ̀, pẹ̀lú ti Tyndale àti Coverdale, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó padà dé, ó rò pé nǹkan á dẹrùn. Ó ń dúró de ipò, ipò ò dé. Ó kọ lẹ́tà sí William Cecil, akọ̀wé ìjọba, pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń fi ìrètí bọ́ àwọn ọmọ òun, wọ́n ti rù. Òun ì bá fẹ́ kí wọ́n sanra díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró de ìwé ìgbélùú, ẹ mọ irú oúnjẹ tó ń jẹ́ ìrètí.

Níkẹyìn wọ́n fi í ṣe Díìnì, ìyẹn olórí àwọn àlùfáà, ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Wells, ní Somerset. Ó débẹ̀, kò rí ilé. Ó tún kọ lẹ́tà: wọ́n há òun, aya, ọmọ, àtàwọn ọmọ ọ̀dọ̀ mọ́ yàrá kan bí àgùntàn inú ọgbà; igbe ọmọdé ò jẹ́ kí òun lè fọwọ́ kan ìwé. Inú yàrá yẹn ni baba ìmọ̀ ewéko wà nígbà tí ìwé ńlá rẹ̀ ń jáde.

Ní 1553, Edward kú, Mary jọba. Mary fẹ́ dá ṣọ́ọ̀ṣì padà sábẹ́ Póòpù. Turner tún kó ẹrù, ó tún sọdá omi, ó padà sí Jámánì. Ridley, ẹni tó kọ́ ọ ní Gíríìkì, tí wọ́n jọ ń gbá tẹ́nìsì, kò lọ. Ní 1555, wọ́n dáná sun ún ní Oxford. Ọdún yẹn náà ni wọ́n tún fòfin de ìwé Turner lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyẹn tí apá kejì ìwé ewé rẹ̀ fi jẹ́ ọdún 1562 kó tó jáde, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn àkọ́kọ́, Cologne ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́.

Elizabeth jọba, ó padà sí Wells. Ṣé ẹ rò pé ó ti gbọ́n? Wọ́n ní kí àwọn àlùfáà máa dé fìlà onígun mẹ́rin, kí wọ́n máa wọ aṣọ funfun. Turner ní aṣọ Póòpù ni, òun ò wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọkùnrin kan ṣe panṣágà, tó yẹ kó tọrọ àforíjì níwájú ìjọ, fìlà onígun mẹ́rin yẹn ni Turner ní kó dé! Ní 1564, Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọ̀wé sí Cecil pé ọkùnrin yìí ti sú òun, kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá sí lórí pẹpẹ, kò sì sí ẹni tí kì í bú. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ìtàn kan tún wà tí àwọn ọ̀tá bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ràn láti máa sọ. Mi ò bá yín búra lé e o. Wọ́n ní Turner ní ajá kan tó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Bíṣọ́ọ̀bù kan wá jẹun nílé rẹ̀, ó dé fìlà onígun mẹ́rin. Turner pe ajá, ó ṣẹ́jú sí i. Ajá fò, ó já fìlà lórí Bíṣọ́ọ̀bù, ó gbé e fún olówó rẹ̀. (Àwùjọ rẹ́rìn-ín.) 

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ bi ara yín: ẹni tó lè sọ fún Bíṣọ́ọ̀bù pé fìlà rẹ̀ ò ní ìtumọ̀, ta tún ni ì bá sọ fún àwọn dókítà Lọ́ńdọ̀nù pé wọn ò mọ ewé? Ẹni tí kò gba egbò inú àpótí gbọ́, báwo ló ṣe fẹ́ gba aṣọ àlùfáà gbọ́? Ojú kan náà ni. Ẹnu kan náà ni. Ẹ ò lè ní kó mú ọ̀kan wá kó fi èkejì sílẹ̀.

Kí ni wọ́n jogún lọ́wọ́ rẹ̀? N kò ní pẹ́ níbí. Ewéko ilẹ̀ yìí tó lé ní igba ni òun kọ́kọ́ fi ojú rí tó sì kọ sílẹ̀. John Gerard tó kọ ìwé ewé tó lókìkí jù ní 1597, orí ilẹ̀ tí Turner ti ro ló dúró sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni Gerard yẹn náà ṣì ń sọ ìtàn ẹyẹ tó ń hù lára igi! John Ray, onímọ̀ ewéko tó ju gbogbo wọn lọ lẹ́yìn náà, yìn ín. Ní Morpeth, ọgbà kan wà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ilẹ̀ Kew náà kàn wá. Ní 1857, Charles Barter, tó ti kọ́ iṣẹ́ ọgbà ní Kew, wọ ọkọ̀ tó gba Odò Ọya gòkè. Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò kan náà. Ọkọ̀ náà rì nítòsí Jẹ́bà. Barter ń já ewé, ó ń tẹ̀ ẹ́ sáàárín tákàdá bí Ghini ti ṣe, ó ń kọ ibi tó ti rí i bí Turner ti ṣe. Ó kú sí Rabba ní 1859. Àwọn ewé tó já wà ní Kew níhìn-ín. Ọmọ ilẹ̀ wa tó bá fẹ́ wádìí ewé ìgbà Crowther, á wọ bọ́ọ̀sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá parí ìtàn ọkùnrin náà. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ́lé sí Crutched Friars, nítòsí Tower, ó tún gbin ọgbà síbẹ̀. Ní 1568, odindi ìwé rẹ̀, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, jáde ní Cologne. Ó fi í ta Ọbabìnrin Elizabeth lọ́rẹ, ó rán an létí pé nígbà kan ní ilé Duke, Ọbabìnrin bá òun sọ Látìn. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, ó kú. Ṣọ́ọ̀ṣì St Olave ní Hart Street ni wọ́n sin ín sí. Bọ́ǹbù ba ṣọ́ọ̀ṣì náà jẹ́ gan-an ní 1941, wọ́n tún un kọ́, òkúta ìrántí rẹ̀ sì wà lára ògiri. Ẹ lè lọ wò ó, kò jìnnà sí Tower Hill.

Jane ìyàwó rẹ̀ ló ṣe òkúta náà fún un. Obìnrin yẹn ló bá a sọdá omi, òun ló wà nínú yàrá tí ọmọ ti ń ké ní Wells. Lẹ́yìn ikú Turner, Jane tún ní ọkọ mìíràn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ ẹni tó fẹ́? Richard Cox ni. Bíṣọ́ọ̀bù Ely!

Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ń ta ewé.